Aláǹtakùn Etiópíà: Àtúnṣe Tí Mo Jẹ Yín



Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni ní ilé ìwé girama báyìí. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, "Prọ́fẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, aláǹtakùn yẹn tí ẹ sọ fún wa ní kíláàsì, èyí tí wọ́n rí nínú oje igi ní Etiópíà, ṣé mílíọ̀nù ọdún 95 náà ni ẹ pe ọjọ́ orí rẹ̀? Mo fẹ́ kọ ọ́ sójú pátákó fáwọn ọmọ ni." Mo ní kó dúró ná, kó má tíì kọ nǹkan kan.

Inú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì PNAS ti Amẹ́ríkà ni mo ti rí nọ́ńbà yẹn, nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2010. Mo gbádùn iṣẹ́ náà nígbà yẹn, mo sì ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín nípa bí ẹ̀rí kékeré ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ ńlá. Nọ́ńbà náà ti ṣubú. Àwọn tó kọ ọ́ gan-an ló sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi ni mi ò tíì wá sọ fún yín. Nítorí náà, mo tún gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ láti kà á bí a ṣe máa ń ka iṣẹ́ ara wa ní sẹ́mínà: ibi tó ti dára, ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀, àti ohun tó kù nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọmọ tó bá dàgbà ní Ìmẹ̀kọ níbí mọ̀ pé tí a bá fi àdá ṣá àwọn igi kan, oje á máa sun jáde lára wọn. Oje náà máa ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Tí èèrà bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á há. Bí òmíràn bá tún sun lé e lórí, ó bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá nìyẹn. Atẹ́gùn ò kàn án mọ́, kò sì ní tètè jẹrà. Oje yìí á gbẹ, á le. Bí ilẹ̀ bá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún, á di ohun tó dà bí òkúta, tó ní àwọ̀ oyin. Òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní amber. Oje-òkúta ni màá máa pè é níbí. Èyí tó ti le ṣùgbọ́n tí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní copal, màá pe ìyẹn ní oje líle. Ẹ má rò pé mo kàn ń fi orúkọ ṣeré. Tí ẹ bá kán sípírítì sí oje líle, ojú rẹ̀ á rọ̀, á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Oje-òkúta kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Igi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: òjíá. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ igi, Daniellia ogea ni orúkọ rẹ̀. "Ogea" yẹn, òjíá wa náà ni, bí etí Òyìnbó ṣe gbọ́ ọ tí ọwọ́ rẹ̀ sì kọ ọ́. Orúkọ yẹn náà ni àwọn oníṣòwò gẹdú gbé dé ọjà àgbáyé. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì tún mú òjíá, wọ́n fi ṣe orúkọ ohun tí àwọn amòye gbé wá fún Jésù pẹ̀lú wúrà àti tùràrí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igi mìíràn tí kò bá òjíá tan ni oje ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù yẹn ti ń wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ òjíá ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì, igi igbó ilé yín ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi òjíá síbẹ̀ ná. A óò padà bá a.

Ó wá ku aláǹtakùn fúnra rẹ̀. Yorùbá ní aláǹtakùn, ó ní àkeekèé, ó ní eégbọn, ṣùgbọ́n a kò ní orúkọ kan tó kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kòkòrò la ń pe gbogbo wọn, a sì ń pe èèrà àti eṣinṣin bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ka ẹsẹ̀ wọn, ẹ óò rí ìyàtọ̀: èèrà ní mẹ́fà, àwọn mẹ́ta yẹn ní mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́jọ ni mo máa ń pe ìdílé wọn. Wọn kò ní egungun, púpọ̀ nínú wọn kéré, ara wọn sì rọ̀, nítorí náà ó ṣòro kí wọ́n tó fi àpá sílẹ̀ nínú òkúta lásán. Oje ló ń ṣe é fún wọn. Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé eégbọn kan jáde láti inú oje-òkúta ilẹ̀ Myanmar, tó di ìyẹ́ dáínásọ̀ mú títí dòní. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 99. Ní 2018, láti inú oje ilẹ̀ kan náà, wọ́n gbé ẹ̀dá kan jáde tí wọ́n sọ ní Chimerarachne yingi. Ó ní ohun tí aláǹtakùn fi ń ran òwú, ó sì tún ní ìrù gígùn, èyí tí aláǹtakùn kankan kò ní lónìí.

Myanmar nìyẹn o. Etí òkun Baltic náà ní tirẹ̀, Dominican Republic ní tirẹ̀. Áfíríkà ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọdún 2010 fi dùn mọ́ wa. Alexander Schmidt, ará Jámánì, àti Vincent Perrichot, ọmọ Faransé, ni orúkọ wọn ṣíwájú, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n ní àwọn ti rí oje-òkúta ní òkè àríwá ìwọ̀-oòrùn Etiópíà, èèrà wà nínú rẹ̀, agbọ́n wà, aláǹtakùn wà, olú tíntìntín wà. Wọ́n ní ó ti wà láti sáà tí wọ́n ń pè ní Cretaceous, ní mílíọ̀nù ọdún 93 sí 95 sẹ́yìn, nígbà tí dáínásọ̀ ṣì ń rìn kiri. Wọ́n ní nínú gbogbo èyí tí a ti rí ní Áfíríkà, èèrà àti aláǹtakùn yìí ló dàgbà jù.

Iṣẹ́ náà dára lọ́nà púpọ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi ti àṣìṣe gbà á dànù. Wọn kò kàn gbé kòkòrò kan kalẹ̀ kí wọ́n máa pariwo. Wọ́n wo igbó náà lódindi: ohun tó ń hù lára igi, ohun tó ń jẹ ohun tó ń hù, àti ohun tó ń jẹ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Wọ́n ya àwòrán tó mọ́lẹ̀. Wọ́n tún yẹ oje náà fúnra rẹ̀ wò láti mọ àwọn èròjà inú rẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí síbẹ̀ láìfi bò.

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó dá wa dúró. Wọ́n rí i pé oje náà kò jọ oje-òkúta Cretaceous mìíràn rárá. Èyí tó jọ ni oje igi Hymenaea, àwọn igi tó mú oje-òkúta Mexico àti ti Dominican Republic wá, àwọn tí kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdílé kan náà ni Hymenaea àti òjíá wa ti wá. Ìbátan ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, láti ara oje, ilé àwọn òjíá ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Kí ni wọ́n wá sọ? Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé igi olódòdó kan tó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló sun oje náà, tàbí irú igi kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣé ẹ rántí ohun tí mo máa ń sọ nípa ọ̀rọ̀ àyálò? Tí ìró ọ̀rọ̀ kan bá kọ̀ tí kò bá òfin ìró èdè náà mu, ẹ má tètè dá òfin tuntun sílẹ̀ nítorí tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá àlejò ni. Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n ní nọ́ńbà kan lọ́wọ́, ẹ̀rí kan kò bá nọ́ńbà náà mu, wọ́n wá dá igi àìmọ̀ sílẹ̀ kí nọ́ńbà má baà yẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti yọ̀.

Níbo wá ni nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ti wá? Láti inú ilẹ̀ ni. Oje-òkúta kì í sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. A máa ń wo ipele ilẹ̀ tí a ti wà á jáde, a ó wo ohun tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, a ó wá fi ọjọ́ orí ipele náà fún un. Tí a bá ṣi ipele mú, ohun gbogbo tó wà nínú oje náà ti gba ọjọ́ orí ẹlòmíràn nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi kajú ṣàlàyé rẹ̀, torí a ò lè gbé Ìmẹ̀kọ ká má mọ kajú. Ká ní bàbá àgbà kan ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún mi, ó ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, àti pé abẹ́ igi kajú ni ọdẹ tó tẹ̀ ẹ́ dó kọ́kọ́ jókòó sí. Mi ò ní bá bàbá jiyàn. Màá dọ̀bálẹ̀, màá ní ẹ ṣeun sà. Ṣùgbọ́n tí mo bá délé, màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ Brazil ni kajú ti wá, àwọn Pọtogí ló gbé e sọdá òkun, wọ́n sì gbé orúkọ rẹ̀ wá pẹ̀lú rẹ̀. Kí 1492 tó dé, kò sí kajú níbí, kò sí àgbàdo, kò sí gbágùúdá, kò sí tábà. Kí ni kí n wá ṣe? Ṣé kí n sọ pé irú kajú kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti wà ní Áfíríkà tẹ́lẹ̀? Rárá o. Bóyá ìlú náà kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé igi mìíràn ló wà nínú ìtàn náà tẹ́lẹ̀ tí kajú wá gba ipò rẹ̀. Oje tó jọ ti Hymenaea ni kajú inú iṣẹ́ ọdún 2010.

Ẹnì kan á ní, "Prọ́fẹ̀, kí ló dé tí wọn ò kàn wo aláǹtakùn náà, kí ojú rẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀?" Ìbéèrè tó dáa ni, àmọ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́jọ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀kan wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí, Ricinoides lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ, kò lójú, ó máa ń rọra rìn lábẹ́ ewé jíjẹrà, ó sì ní nǹkan bíi fìlà tó fi ń bo ẹnu. Ní 1837, Buckland, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpèjúwe ọ̀kan nínú ìdílé yìí tó ti di òkúta, tó lé ní mílíọ̀nù ọdún 300, ó sì rò pé ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn ni. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ní 1838, Guérin-Méneville, ọmọ Faransé, ṣe àpèjúwe èyí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ṣì ń bẹ láyé. Etíkun Guinea, lọ́dọ̀ tiwa níbí, ni wọ́n ti mú un. Ìrísí àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Òmíràn tún wà, tọrùn rẹ̀ ga, tí eyín rẹ̀ gùn bí ẹnu ẹyẹ òfú. Inú oje-òkúta Baltic ni Koch àti Berendt ti kọ́kọ́ rí i, ní 1854, gbogbo ayé sì gbà pé ó ti run. Ní 1881, wọ́n kéde pé ìbátan rẹ̀ ṣì ń rìn káàkiri ní Madagascar. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìrísí nìkan ka ọdún aláǹtakùn, ó lè fi ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù ọdún ṣì í kà. Ìrísí kò tó ẹ̀rí. Ilẹ̀ àti oje ló gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan.

Ilẹ̀ àti oje Etiópíà kò fohùn ṣọ̀kan, ẹnì kan sì ní láti padà lọ yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n padà lọ lóòótọ́. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó, irú èyí tí oyin máa ń rù mọ́ ẹsẹ̀, máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀ gan-an, ó sì máa ń sọ irú igi tó wà nígbà náà. Òun ló tún ọjọ́ orí náà ṣe. Ní 2020, Bouju àti Perrichot kọ àgbéyẹ̀wò kan lórí gbogbo oje-òkúta àti oje líle tí a mọ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì fi ti Etiópíà sí ìbẹ̀rẹ̀ sáà Miocene, ní mílíọ̀nù ọdún 16 sí 23 sẹ́yìn. Ní 2022, iṣẹ́ mìíràn jáde lórí àwọn ewéko kéékèèké inú oje kan náà. Miocene wà nínú àkọlé rẹ̀ gedegbe, Schmidt àti Perrichot sì wà lára àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn ni dáínásọ̀ ti kúrò láyé. Aláǹtakùn tí mo sọ fún yín pé ó bá dáínásọ̀ gbé inú igbó kan náà, kò rí dáínásọ̀ rí. Ó fi mílíọ̀nù ọdún tó lé ní 40 dé lẹ́yìn wọn.

Mo yin àwọn méjèèjì fún èyí. Ó rọrùn láti tún àṣìṣe ẹlòmíràn ṣe. Orí ni gbogbo wa fi ń gbé ìyẹn. Kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa nọ́ńbà tó sọ ọ́ di olókìkí lulẹ̀, ìyẹn ṣòro. Ẹ sì kíyè sí i pé ẹ̀rí tó dá wọn lẹ́bi, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2010. Ká ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ oje náà pamọ́ ni, à bá ṣì máa ka 95 títí dòní.

Síbẹ̀, mo ní ẹjọ́ méjì láti rò. Èkíní, Cretaceous ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àkọlé iṣẹ́ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó mì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Ohun tó bá mì, inú iṣẹ́ ló yẹ ká ti jiyàn lé e lórí. Ẹnu ọ̀nà kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀. Èkejì, ìròyìn àkọ́kọ́ dé etí ìgbọ́ gbogbo ayé, ó tilẹ̀ dé etí èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ èdè. Àtúnṣe náà, àárín àwọn onímọ̀ ló wà. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi wọn nìkan. Ẹni tó bá ṣe àgbàsọ ìròyìn, òun náà ló yẹ kó ṣe àgbàsọ àtúnṣe.

Ìyẹn ló kan èmi náà. Mo ti bi ara mi léèrè ìdí tí mi ò fi béèrè nípa oje náà nígbà tí mo kọ́kọ́ ka iṣẹ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀, mo kà á, mo sì mọ òjíá. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn ún sọ: mo fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn jẹ́ òótọ́. Mo fẹ́ kí Áfíríkà ní tirẹ̀, kó sì dàgbà. Ẹ̀yin tí mo kọ́ rántí bí mo ṣe máa ń ṣe sí ìwé J. Olumide Lucas ti 1948, tó fi ìjọra ọ̀rọ̀ so ẹ̀sìn àti èdè Yorùbá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Mo máa ń sọ fún yín pé ìfẹ́ ọkàn ló ń ka ìwé fún bàbá náà. Mo fi àmì pupa sí iṣẹ́ àwọn kan nínú yín nítorí irú ẹ̀ nígbà náà. Àmì pupa yẹn tọ́ sí mi.

Kí ló wá kù? Púpọ̀ ló kù. Aláǹtakùn náà ṣì wà nínú oje rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ kan tó yọ nínú mẹ́jọ. Mo tilẹ̀ wá rí i pé Miocene sún un mọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Igbó tí àwọn ìbátan òjíá ti ń sun oje, tí èèrà àti aláǹtakùn ń há sí, igbó tí a lè fi wé ti wa nìyẹn. Ohun tó yí padà láàárín ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí, ibẹ̀ ni ìbéèrè tuntun wà.

Oje líle náà, tí àwọn onímọ̀ ti ń kẹ́gàn tipẹ́ pé ọmọdé ni, ti ń gba ọ̀wọ̀ báyìí. Ní 2020, àwọn kan dábàá pé ká pín oje sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì fa ìlà kan sí ọdún 1760. Èyí tí igi sun lẹ́yìn ọdún náà, wọ́n fún un ní orúkọ tirẹ̀, torí pé ó jẹ́ ẹlẹ́rìí sí àsìkò tí àwa ènìyàn ń pa igbó àti ẹranko rẹ̀ run. Tí aláǹtakùn kan bá há sínú oje òjíá ní igba ọdún sẹ́yìn, tí kò sì sí irú rẹ̀ mọ́ níbẹ̀ lónìí, oje yẹn nìkan ló lè jẹ́rìí pé ó gbé ibẹ̀ rí. Lágbègbè wa níbí, mo ń rí ọkọ̀ tó ń ru èédú kọjá ní alaalẹ́. Mi ò mọ iye igi olóje tó wà nínú àwọn àpò yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní bàólójì, tí ẹ bá rí oje gbígbẹ lára igi, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e síwájú oòrùn, ẹ wo inú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ igi náà àti ibi tí ẹ ti rí i mọ́ ọn lára. Láìsí àkọsílẹ̀ yẹn, a tún ti bọ́ sínú wàhálà Etiópíà nìyẹn.

Ẹni tó pè mí yẹn, mo ti pè é padà. Mo ní kó kọ 16 sí 23 sójú pátákó, kó kọ 95 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó fa ìlà sí i lórí láìpa á rẹ́, kó sì sọ ìtàn ìlà náà fáwọn ọmọ. Ẹ̀yin tó kù tí nọ́ńbà yẹn ṣì wà nínú nóòtù yín, ẹ bá mi fa ìlà náà. Tí ọmọ kíláàsì yín bá béèrè ẹni tó ṣì yín kọ́, ẹ dárúkọ mi.